Hilux dísù tó gbé kóòdù mẹ́rin jáde lẹ́ẹ̀kan náà

Ọkọ̀ náà ni Toyota Hilux oní-dísù, ẹ́ńjìnnì 2KD-FTV, lítà 2.5. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkó iṣu àti gàrí láti agbègbè Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn. Ẹ̀sùn tí awakọ̀ mú wá kò gùn: iná check engine tàn kò kú mọ́, ọkọ̀ kò sì lágbára, tó bá ti gbẹ́rù, òkè kékeré á di wàhálà sí i lọ́rùn. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ nìkan ni iná yẹn ń yọjú. Tí oòrùn bá ti mú dáadáa, á kú fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá ló wá tàn tí kò kú mọ́, òjò ì báà rọ̀, kó má rọ̀.

Ọ̀rọ̀ òjò yìí wúlò ju ìyókù ẹ̀sùn náà lọ. Ohun tí omi bá ń dá sílẹ̀ tí oòrùn sì ń wò sàn, wáyà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan fún ọkọ̀, tó bá ti kú, kì í jí nítorí pé ilẹ̀ gbẹ.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gba ọwọ́ mẹkáníìkì kan àti rẹ́wáyà kan kọjá kó tó dé ibi tí a ti rí ìdí rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ooru omi, wọ́n ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn agbára dísù nínú common rail (páìpù tó ń pín dísù fún ẹ́ńjìnnì), wọ́n sì ti yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣàkóso bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣàn. Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí ọpọlọ ọkọ̀ ń kọ sílẹ̀, ò lọ.

Àwọn kóòdù náà ni P0113, P0118, P0183 àti P0193. P0113 jẹ́ ti ooru afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà, P0118 ti ooru omi ẹ́ńjìnnì, P0183 ti ooru dísù, P0193 ti agbára dísù nínú rail. Ẹ wo ibi tí sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lára ọkọ̀. Ti afẹ́fẹ́ wà nínú sẹ́ńsọ̀ MAF tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde nínú ilé fíltà. Ti omi wà lápá orí ẹ́ńjìnnì. Ti ooru dísù wà lára pọ́ǹpù tó ń ti dísù lọ sí rail. Ti agbára dísù wà ní ìpẹ̀kun rail fúnra rẹ̀. Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa yọ kóòdù lásìkò kan náà, kò bọ́gbọ́n mu kéèyàn ní sẹ́ńsọ̀ mẹ́rin ló kú. Ohun kan wà tí wọ́n jọ ń lò, òun ló yẹ ká wá.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká yanjú ọ̀rọ̀ thermostat, nítorí àṣìṣe yìí wọ́pọ̀, ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Orúkọ kóòdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní "High" nínú. Ẹni tó bá rí "Coolant Temperature" àti "High" lójú sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, á yára rò pé omi ń gbóná jù, á sì yọ thermostat kí omi lè máa ṣàn fàlàlà. High ibẹ̀ kì í ṣe ooru. Volt ni. Ọpọlọ ọkọ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí brain box, ní 5 V tó ń gbà inú rẹsísítọ̀ kan lára rẹ̀ jáde lọ bá sẹ́ńsọ̀ ooru. Ẹsẹ̀ méjì ni sẹ́ńsọ̀ náà ní: ọ̀kan ni 5 V yìí ń wọlé sí, èkejì ń lọ sí earth. Bí ooru bá ṣe ń pọ̀ ni ohm inú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn bó ṣe ń dí iná lọ́nà, ń dín kù, volt tí brain box ń rí á sì máa lọ sílẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ omi Toyota á gbé nǹkan bíi 2.3 sí 2.6 kilo-ohm ní 20°C. Tí omi bá dé 80°C, á ti bọ́ sí nǹkan bíi 0.31 sí 0.33. Ní òwúrọ̀ tiwa níbí, tí ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́, mítà á sábà wà láàárín 1.5 sí 2 kilo-ohm.

Tí wáyà bá wá já, kò sí ohun tó máa fa 5 V yẹn wálẹ̀ mọ́. Brain box á rí volt tó ga gan-an, á sì kà á sí òtútù tó lé kenkà: -40°C. Tí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn, volt á di òdo, á kà á sí 140°C. Nítorí náà P0118 kò bá ooru tan rárá. Ẹ́ńjìnnì tó ń dì bíi yìnyín ni brain box rò pé òun ń wò. Èyí tó jọ mọ́ ooru ni P0117. Bákan náà ni P0112 àti P0113 fún afẹ́fẹ́, P0182 àti P0183 fún dísù: nọ́ńbà tó kéré jẹ́ ti volt tó kéré, èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti volt tó pọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ rail yàtọ̀ díẹ̀. Wáyà mẹ́ta ló ní: 5 V tí Toyota ń pè ní VC, wáyà tó ń gbé ìròyìn padà, àti earth. Tí ìròyìn náà bá kọjá 4.9 V, P0193 á jáde. Tó bá kéré ju 0.55 V lọ, P0192 á jáde. Brain box kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, torí agbára dísù inú rail ń kọjá 1,000 bar. Bí kò bá ti lè gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà yẹn mọ́, á dín dísù tó ń fún ẹ́ńjìnnì kù kí nǹkan má baà bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Hilux yìí ò fi lágbára. Turbo ò ṣe nǹkan kan, injector tó ń fọ́n dísù sínú ẹ́ńjìnnì ò ṣe nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé ká kọ kóòdù àti freeze frame sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó pa á rẹ́. Freeze frame ni àwòrán ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí kóòdù wọlé: ẹ́ńjìnnì ń yí tàbí kò yí, omi gbóná tàbí kò gbóná, ọkọ̀ ń sáré tó báwo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ orí bátìrì "kí brain box lè sinmi" ti ju gbogbo ìyẹn nù. Lára ọkọ̀ yìí, wọ́n ti pa á rẹ́ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pípa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ṣì kọ́ wa ní nǹkan. A pa kóòdù rẹ́, a ṣí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sá ẹ́ńjìnnì. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti padà. Kóòdù tó padà lójú ẹsẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ò tíì yí, ti wáyà àti iná ni. Èyí tó nílò kí ọkọ̀ rìn, kó gun òkè, kó gbẹ́rù kó tó jáde, ìyẹn lè jẹ́ ti dísù tó dọ̀tí, fíltà tó dí tàbí pọ́ǹpù tó rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni live data, ìyẹn nọ́ńbà tí sẹ́ńsọ̀ ń fi ránṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ má fi sìkánà tó ń ka kóòdù nìkan wá irú àìsàn yìí. ELM327, sìkánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, sábà máa ń fi ooru omi àti ti afẹ́fẹ́ hàn. Ti dísù nílò sìkánà tó lè wọ inú Toyota dáadáa. Ohun tó wà lójú sìkánà: omi -40°C, afẹ́fẹ́ -40°C, dísù -40°C, ní ọ̀sán gangan n'Ìbàdàn. Àwọn mẹ́ta yìí kò bàjẹ́ sí ibi kan náà lásán. Wáyà wọn ti já níbì kan, tàbí ohun tí wọ́n jọ so mọ́ ti já.

Ìdánwò tó ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi, a fi wáyà tín-ín-rín kan so ihò méjèèjì inú sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ̀, a sì ń wo sìkánà. Bí wáyà méjèèjì bá pé, ooru gbọ́dọ̀ fò láti -40 lọ sí 140. Kò kúrò lójú kan. A wá gbé wáyà yẹn kúrò lára ihò earth, a fi í kan irin ẹ́ńjìnnì dípò rẹ̀, tí orí kejì ṣì wà nínú ihò ìròyìn. Sìkánà fò sí 140°C lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti yé nìyẹn: wáyà ìròyìn pé, brain box ń ríran, wáyà earth tí Toyota ń pè ní E2 ni kò délé. Bí a ṣe tún un ṣe ní sọ́kẹ́ẹ̀tì ooru afẹ́fẹ́, bákan náà ló rí.

Ìkìlọ̀ kan: sẹ́ńsọ̀ ooru oníwáyà méjì nìkan la lè ṣe èyí fún. Ẹ má ṣe fi wáyà VC ti sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta kan irin ọkọ̀. Ẹ̀rọ inú brain box fúnra rẹ̀ ń jẹ nínú 5 V yẹn. Tó bá kan earth, iná check engine á kú, sìkánà ò ní lè bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé òun ti jó brain box oníbàárà. Ẹ sì yẹra fún 12 V pátápátá.

Sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń da iná wọn sínú E2. Ẹ fi í wé gọ́tà kan ṣoṣo tí ilé mẹ́rin ń da omi sí: bí gọ́tà bá dí níwájú, omi ò ní dúró síbì kan, á padà kún sí ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn. Ohun tí mítà fi hàn nìyẹn gẹ́lẹ́. A fi abẹ́rẹ́ mítà wọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ rail láì yọ ọ́, abẹ́rẹ́ dúdú wà lórí òdì bátìrì, kọ́kọ́rọ́ wà ní ON. VC fún wa ní 4.98 V, láti 4.5 dé 5.5 ló yẹ kó wà, nítorí náà kò lẹ́bi. Wáyà ìròyìn wà ní 4.95 V. E2, tó yẹ kó wà nítòsí òdo, wà ní 4.7 V. Earth tó gbé 4.7 V kì í ṣe earth mọ́.

Ibí gan-an ló ti da rú fún rẹ́wáyà tó ṣáájú, ó sì lè da rú fún ẹnikẹ́ni. Tí a bá yọ gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì kí a tó wọn E2, kò ní sí iná kankan tó ń dà sínú rẹ̀ mọ́, mítà á sì gbé òdo. Òdo yẹn jọ earth tó dára, irọ́ ni. Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so mọ́ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ la ti ń wọn earth, tí iná ń kọjá lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n ní òfìfo gbọ́dọ̀ yọ orí bátìrì, kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, kó wá fi ohm wọ̀n ọ́n láti orí kan dé ìkejì: kò yẹ kó ju 1 ohm lọ.

Ìbéèrè tó kù ni bóyá inú brain box ni E2 ti já tàbí lójú ọ̀nà. Ó ṣe pàtàkì, torí pé tí ẹnikẹ́ni bá ti fi 12 V kan E2 rí, ọ̀nà tín-ín-rín tó gbé e nínú brain box lè jó. Lára Hilux yìí, ẹ̀yìn àpótí tó wà níwájú èrò ni brain box wà. A yọ àpótí náà, a fi abẹ́rẹ́ wọ ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì níbi tí E2 wà, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ṣì so mọ́ ọn. Mítà gbé 0.01 V. Lójú brain box, 0.01. Lẹ́bàá rail, 4.7. Àárín méjèèjì ni wáyà ti já, brain box kò lẹ́ṣẹ̀. Ká ní 4.7 la rí níbẹ̀ náà ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: a ó kọ́kọ́ yẹ earth brain box fúnra rẹ̀ wò, ìyẹn E1 àti àwọn wáyà earth tó kàn mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kí a tó sọ pé brain box ló bàjẹ́.

Wíwá ojú ibi tó já rọrùn tí ènìyàn méjì bá wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń wo sìkánà, èkejì ń fi ọwọ́ rọra tẹ okùn wáyà, díẹ̀díẹ̀, láti ara ògiri tó pín ẹ́ńjìnnì níyà sí inú ọkọ̀ lọ síwájú. Nígbà tí ọwọ́ dé ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ooru omi fò láti -40 sí 31, ó sì tún padà. A ṣí téèpù. Eku ti jẹ wáyà níbẹ̀ rí, ẹnì kan sì ti tún un ṣe: ó lọ́ bàbà méjì pọ̀, ó fi téèpù náílọ́ọ̀nù wé e. Òróró àti ooru ti mú téèpù náà yọ̀, omi òjò ń wọlé, bàbà ti di àwọ̀ ewé pátápátá. Tí a bá fà á díẹ̀, ó ń dà bí ìyẹ̀fun. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà òjò nìkan, tó wá di ti gbogbo ìgbà, ibẹ̀ ló ti wá.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà ń gbà, ká sọ ọ́ tààrà pé kò dára: kí wọ́n fa wáyà tuntun láti E2 sẹ́ńsọ̀ lọ sí bóòtù kan lára ẹ́ńjìnnì. Kóòdù á lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin ẹ́ńjìnnì ń gbé iná kíkísítátà, ti alternator àti ti plọ́ọ̀gì tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná, volt rẹ̀ ò dúró lójú kan. Lórí sẹ́ńsọ̀ rail, 0.1 V péré lè ṣi ìwọ̀n náà lọ́nà ní nǹkan bíi 5 sí 6 MPa (MPa kan jẹ́ 10 bar), nígbà tí gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú rail láì tẹ tọ́tù kò ju 30 sí 40 MPa lọ. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa lù, kò sì ní sí kóòdù tó máa sọ ìdí. E2 gbọ́dọ̀ padà sí brain box.

A gé bàbà tó ti di ewé kúrò títí a fi rí bàbà tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. A fi wáyà tuntun tó nípọn bíi ti àtijọ́ dí àlàfo náà. Kí a tó so ó, a ti kọ́kọ́ fi rọ́bà tó ní gọ́ọ̀mù nínú, irú èyí tí iná ń fún mọ́ wáyà, wọ ọ́ lára. A fi lẹ́ẹ̀dì jó o, a fà á wò, a wá fi iná fún rọ́bà náà títí gọ́ọ̀mù fi yọ ní orí méjèèjì. Wáyà mìíràn méjì tí eku ti fi eyín kàn, tí bàbà wọn ò tíì já, a tún wọn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a ò jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. A wá fi téèpù aṣọ wé okùn náà, a fi í sínú páìpù oníkókó, a sì dè é mọ́lẹ̀ jìnnà sí turbo.

A pa kóòdù rẹ́, a ṣí kọ́kọ́rọ́. P0113, P0118 àti P0183 ò padà. P0193 náà ò padà, ṣùgbọ́n kóòdù tuntun jáde: P0192. Ti rail ti yí láti volt tó pọ̀ sí volt tó kéré.

Èyí ni èso sẹ́ńsọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò yí, agbára dísù inú rail ti sọ̀kalẹ̀ tán, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ wà ní 0.5 V. Fún Hilux yìí, nǹkan bíi 1 V ló yẹ kó wà nígbà tí rail bá ṣófo. Ọkọ̀ mìíràn ló ni sẹ́ńsọ̀ yẹn; ó wọ ihò rail, sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì bá a mu, àmọ́ ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà yàtọ̀. Nígbà tí E2 ṣì já, gbogbo nǹkan ń ka 4.95 V, kò sí bí ẹnikẹ́ni á ṣe mọ̀. Oríire ni pé awakọ̀ tọ́jú sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ sínú ọkọ̀. A fi í so mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, láì tíì dè é mọ́ rail: 1.0 V. Kò fìgbà kan bàjẹ́.

Kí a tó tú ti òkunbọ̀ náà, a dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, a fọ gbogbo àyíká rail, a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí kò fi sí iyanrìn. Ìyanrìn tí ojú ò lè rí tó láti ba injector common rail jẹ́. Irin sí irin ni ìdí sẹ́ńsọ̀ náà fi ń dí, nítorí náà a yẹ ojú ibi tó ń jókòó wò dáadáa, a ò fi téèpù tàbí gọ́ọ̀mù sí i. Nígbà tí a sá ẹ́ńjìnnì, páálí ni a fi wá ibi tó bá ń jò. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ wá dísù tó ń jò lára rail láéláé. Agbára rẹ̀ lè gún awọ wọlé, iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

A dá thermostat padà náà, èyí tó ń ṣí ní nǹkan bíi 80 sí 84°C. Láì sí i, ọkọ̀ yìí rìn láti òpin ìlú kan dé ìkejì tí omi ò kọjá 64°C. Dísù tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì tutù bẹ́ẹ̀ kì í jó tán, á máa mu epo, á sì máa kó èéfín dúdú sínú EGR, ọ̀nà tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ká tó sá ẹ́ńjìnnì, a wo live data, nítorí òru ni gbogbo sẹ́ńsọ̀ ooru ti ń dọ́gba. Omi 27°C, afẹ́fẹ́ 27°C, dísù 28°C. Tí ọ̀kan bá fi iwọ̀n mẹ́wàá yàtọ̀ sí ìyókù lásìkò yìí, ìṣòro ṣì wà lára rẹ̀ bí kóòdù ò tilẹ̀ yọ. Lẹ́yìn tó gbóná: omi 86°C, rail 34 MPa láì tẹ tọ́tù, ní 2,500 rpm, ó wà láàárín 50 sí 100 MPa bó ṣe yẹ. A bu omi sí ojú ibi tí a tún ṣe, a mi okùn wáyà náà, nọ́ńbà kankan ò mira. Ọkọ̀ gbẹ́rù lọ sí Ìṣẹ́yìn, ó padà. Sìkánà ò rí kóòdù kankan, títí kan àwọn pending, ìyẹn àwọn kóòdù tí kò tíì fìdí múlẹ̀.